Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ọjọ́ Orí Ọmọ Mi

Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé n kò sí níbẹ̀, pé ìyá ọmọ náà ló ń dá sáré kiri, ẹ ní mo ní irọ́ ló pa. Èmi ni mo di ìwé mú. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà dókítà títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ojú mi kì í tàsé nǹkan. Ahunṣọ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Fọ́nrán òwú kan ò lè já lórí òfì mi kí n má rí i, kódà bí mo bá ń bá èèyàn ṣàwàdà lọ́wọ́. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ń gbé mọ́tò láti Èkó wá jókòó sórí àpótí dè mí, kí n tó bá wọn hun aṣọ ìgbéyàwó. Kíláàsì kẹrin ni mo kà dé, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ èyí. N kò bẹ ẹnì kankan.

Ìdí tí mo fi dúró ní kíláàsì kẹrin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí ọmọ ní ilé ìwé. Tíṣà á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, o ti tó ilé ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, máa lọ sílé, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Apá mi kúrú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi lé mi padà. Nígbà tí ọwọ́ mi fi kan etí, mo ti ga ju gbogbo kíláàsì lọ, wọ́n sì ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á dìde, wọ́n á ní, "Bàbá, àlejò yín dé o!" Tíṣà pàápàá á rẹ́rìn-ín. Mo fara dà á títí dé ìwé kẹrin, mo sọ síléètì nù, mo gba ìdí òfì lọ. Mo sì pinnu lọ́kàn mi pé wọn kò ní pe ọmọ tèmi bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àkọ́bí mi ọkùnrin, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló gbé ní oko kan lẹ́bàá odò Òfìkì, ó ń bá wọn lé ẹyẹ nínú ọkà bàbà, títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo mọ ọdún tí wọ́n bí i dáadáa; ọdún tí mo kan páànù tuntun sí ilé ìyá mi ni. Nígbà tí mo mú un wá sí Ìsẹ́yìn kó wá kàwé, mo wo àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, mo rí i pé ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n. Ara mi bù máṣọ. Mo lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo búra pé ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọ mi. Akọ̀wé wo ọmọ náà látòkè délẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín yìí mà ti pààrọ̀ eyín iwájú."

Mo ní, "Ọmọ ahunṣọ ni. Kíákíá ni nǹkan tiwa."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ọjọ́ orí náà. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣe é o. Nílùú wa, ta ni kò gé ọjọ́ orí ọmọ kù? Ẹlòmíràn gé e torí bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn gé e torí iṣẹ́ ìjọba. Èmi gé e torí kí wọ́n má baà fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dé ilé, mo na ẹsẹ̀, mo gbà pé mo gbọ́n.

Ọmọ náà já fáfá. Ìyá rẹ̀ ń rẹ òwú láró, ìkòkò aró mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹni tó bá ti dé ìdí aró rí mọ bó ṣe ń rùn nígbà tó bá ti kan; ó dà bíi pé nǹkan kú sórí àjà. Àwọn ọmọṣẹ́ mi a máa fi ẹ̀wù bo imú sáré kọjá. Ọmọ tèmi á gbé ẹ̀kọ àti àkàrà jókòó ti ìkòkò, á máa jẹ ẹ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo máa ń pe àwọn oníbàárà wá wò ó. Mo máa ń ní, "Ẹ wo ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Àwọn tiyín ń sá!" Apá rẹ̀ sì gùn, ó gùn ju bí ara rẹ̀ ṣe ga lọ. Bí fọ́nrán bá já lọ́ọ̀ọ́kán níwájú òfì, orí ìjókòó ni yóò ti nawọ́ mú un. Èmi tí apá mi kúrú, inú mi dùn. Mo ní apá ahunṣọ nìyẹn, èmi ni mo bí i.

Ohùn rẹ̀ tún dùn. Òun ló ń pe ìrun àlàásárì ní mọ́sálásí kékeré àdúgbò wa, orí àkàbà ló máa ń dúró sí torí kò ga. Lọ́jọ́ kan, alájàpá kan tó ń bọ̀ láti Ṣakí yà wá kírun. Ó gbọ́ ìpè, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ìgbà wo lẹ fi obìnrin jẹ ládàánì?" Gbogbo mọ́sálásí bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó kó bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, kò wọ̀ ọ́, ó lọ sílé. Kò pe ìrun mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ náà. Lórí ìwé, ó jẹ́ méjìlá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ dúró lórí mi níbi tí mo ti ń jẹun.

"Bàbá ẹ̀, ọmọ yìí ò dàgbà o."

"Kí ni kò dàgbà? Ó ń jẹun, ó ń sùn."

"Àwọn tí wọ́n jọ ń lé ẹyẹ ní Òfìkì ti ń fá irùngbọ̀n. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ga jù ú lọ. Ohùn rẹ̀ ò yí, ara rẹ̀ ò yí, nǹkan kan ò yí."

"Ìwọ obìnrin yìí, ọmọ ọdún méjìlá ni. Kí lo fẹ́ kó yí sí?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ta lẹ ń parọ́ fún? Èmi tí mo bí i?"

Òótọ́ ni mo wí fún yín, mo ti pa irọ́ náà pẹ́ débi pé mo ti gbà á gbọ́. Àmọ́ oorun ò kùn mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e a mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan nílùú. Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó wọn gíga ọmọ náà, ó yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn aṣọ ìkélé, òun nìkan àti ọmọ náà. Ó wá bi mí léèrè ìgbà tí èmi fúnra mi di géńdé.

Mo ní, "Èmi? Dókítà, mo ti ń fá irùngbọ̀n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń ta òkòtó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò egungun ọwọ́ òsì ọmọ náà. Ó ní bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni àwọn egungun wẹ́wẹ́ ọwọ́ àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń so pọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí ọjọ́ orí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó dé bá mi! Mo rò pé egungun máa tú àṣírí mi. N kò lè jókòó. Mo rìn dé ìdí igi máńgòrò, mo padà, mo tún rìn lọ. Ìyá ọmọ náà ní, "Ẹ jókòó jàre, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń rọbí." Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, dókítà gbé fọ́tò náà sójú iná.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Egungun rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ọdún méjìlá. Ó bá ìwé mu. Ó ṣì kéré, ẹ jẹ́ kó máa dàgbà. Bó bá pé mẹ́rìnlá tí àyípadà kankan ò dé, ẹ tètè mú un padà wá."

Ẹ rí i, egungun náà jẹ́rìí mi! Ó yẹ kí ẹnu yà mí pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní egungun ọmọ ọdún méjìlá. Kò yà mí. Inú mi dùn bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Mo ra ẹran sísun fún ọmọ náà lójú ọ̀nà, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá pàdé pé dókítà ní ọmọ mi pé pérépéré. Ọmọ náà jẹ ẹran rẹ̀, ó dúpẹ́.

Bí ìdààmú mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fi èédú fa ìlà sára òpó òfì mi, mo ń mú ọmọ náà dúró tì í ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìlà ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Mo ń hunṣọ, mo ń dìde. Mo ń dìde, mo ń lọ wo ìlà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìpápó lọ ra ẹyin awó, wọ́n ní ó ń mú ọmọ sanra. Mo lọ sí Ṣakí lọ ra oyin ìgàn. Aṣọ tí mo ń hun nígbà náà, oníbàárà kan dá a padà, ó ní ojú rẹ̀ ò dọ́gba. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ọmọ náà pé mẹ́rìnlá lórí ìwé. Ìyá rẹ̀ ní ó yá. Mo ní kó jẹ́ kó pé mẹ́rìnlá dáadáa. Ó pé dáadáa. Mo ní ká jẹ́ kí wọ́n kórè iṣu tán. Wọ́n kórè tán. Mo ní ká jẹ́ ká gba ààwẹ̀ tán. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá tún béèrè ọjọ́ orí, ojú ìyá rẹ̀ máa tú àṣírí mi.

Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀wà kaná, ó ní kí ọmọ náà máa bá òun wò ó, ó lọ sọ́jà. Mo ń bọ̀ láti òpópó, ilé mẹ́ta ló kù kí n dé tiwa, mo ti ń gbọ́ òórùn jíjóná. Mo sáré wọlé. Ọmọ náà ló jókòó ti ìkòkò yẹn, ó ń ka ìwé rẹ̀, ẹ̀wà ti di èédú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí nǹkan jóná lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo fa pàṣán yọ, mo nà án lẹ́gba mẹ́fà.

Mo ní, "Ṣé o ò nímú ni?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. N kò mọ̀ pé ó ti jóná."

Mo ní irọ́ ló ń pa. Èmi!

Ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọdún yẹn, ó ku kíláàsì méjì kó parí. Kò jà, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń lọ sídìí aró ní òwúrọ̀ dípò ilé ìwé. Ní ọjọ́ kan, ọlọ́kadà tó gbé òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wálé béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, ṣé àbíkẹ́yìn yín nìyí?" Àkọ́bí mi ló ń nawọ́ sí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ọmọ náà wá bá mi lórí òfì. Kò jókòó.

Ó ní, "Bàbá, ṣé báyìí ni mo máa wà títí lọ ni?"

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló ń fi ohùn ọmọ kékeré bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la padà sí ọ̀dọ̀ dókítà àkọ́kọ́, ó kọ̀wé lé wa lọ́wọ́ pé ká máa lọ sí Ìbàdàn, sí ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ jù.

Obìnrin ni dókítà tó gbà wá ní Ìbàdàn, ó ti ń hewú. Ó ní kí ọmọ náà na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìka dé ìka. Ó wọn gíga rẹ̀. Ó wo téèpù lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Apá ahunṣọ ni, Dókítà. Èmi ni mo bí i." Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè rí.

"Ọmọ mi, ṣé o máa ń gbọ́ òórùn?"

Ọmọ náà wò mí kó tó dáhùn. Ó ní, "Mà, n kò mọ ohun tí àwọn èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀."

Mo fò dìde. "Ó ń gbọ́ ọ o! Ta ni kì í gbọ́ òórùn? Inú aró la ti tọ́ ọ dàgbà."

Dókítà ní kó di ojú. Ó gbé ọṣẹ sí i nímú, ó ní kí ni. Ọmọ náà ní òun ò mọ̀. Ó gbé èèpo ọsàn sí i. Òun ò mọ̀. Ara mi ò gbà á. Ìyá rẹ̀ di irú sínú àpò, èyí tó fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a fẹ́ sùn sílé rẹ̀. Mo fa irú náà yọ, mo tú ewé rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ fi èyí dán an wò. Òkú máa gbọ́ èyí."

Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá náà. Nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ní, "Há, ta ló gbé irú wá sí ọsibítù?" Èmi fúnra mi di í mú síwájú imú ọmọ mi. Ó mí sínú, ó mí síta. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo rí ẹ̀wà tó jóná yẹn lójú mi. Mo rí i bó ṣe jókòó ti aró tó ń jẹ àkàrà, tí mo ń pe èèyàn wá wò ó.

Dókítà fi irú náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó rọra ṣàlàyé. Ó ní inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí ara, pé àkókò ti tó kí ọmọ di géńdé. Ti ọmọ yìí, ó jọ pé iṣẹ́ náà kò jáde nílé rárá. Ó ní láti inú oyún, ọ̀nà kan náà ni ti iṣẹ́ yẹn àti ti òórùn jọ ń gbà. Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, èkejì a máa bá a sọnù nígbà mìíràn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó wá ṣí ìwé.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ kọ síbí. Bó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ṣì lè rọra fún un ní oògùn díẹ̀, ká máa wòye bóyá ara rẹ̀ kàn ń lọ́ra ni. Bó bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Bàbá, ṣé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni?"

Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ níta, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ wọn, mo sì ń fi í yangàn. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo jáde. Mo rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo padà, mo rìn dé òpin. Mo kà á lẹ́ẹ̀meje. Ẹni tó bá fi Kùránì búra, báwo ló ṣe máa sọ fún obìnrin tí kò mọ̀ rí pé irọ́ ni òun fi búra? Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ọmọ náà láti ẹ̀yìn, apá gígùn rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo wọlé.

Mo ní, "Méjìdínlógún ni. Èmi ni mo gé e. Mo búra èké."

Dókítà ò pariwo. Ó fi rúlà fa ìlà sórí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, ó kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Dókítà tó kọ́kọ́ rí i kò ṣàṣìṣe. Ohun tí wọ́n fún un ló fi ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà yíjú, ó wò mí. N kò mọ ohun tó wà lójú yẹn títí dòní.

Èsì ẹ̀jẹ̀ dé, ó rí bí dókítà ṣe wí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fún un ní abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, kí ara rẹ̀ lè di ti géńdé. Dókítà ní títí lọ ni, kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń lò tán. Ó ní bó bá fẹ́ bímọ lọ́jọ́ iwájú, kó padà wá, oògùn mìíràn wà tí àwọn á gbìyànjú, kò ṣèlérí. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìbúra mi. Kí ọdún tó yí, mo ń hunṣọ lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn mi tó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́." Mo ti ń sọ pé, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó, oníbàárà wa," kí n tó yíjú. Ọmọ mi ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá pe ìrun àlàásárì lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pè é, Bàbá."

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí, tí òórùn ilẹ̀ gbígbẹ ń gòkè, mo pè é síta. Mo fẹ́ ṣàlàyé òórùn náà fún un, èmi tí ẹnu mi kì í kú. N kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè lò.

Ohun tó sọnù nìyí. Ọdún mẹ́ta lórí ìwé. Ọdún mẹ́ta lára ọmọ náà. Kíláàsì méjì. Ìpè ìrun kan, àlàásárì. Ẹgba mẹ́fà tí kò tọ́ sí i, tó sì jẹ. Òórùn, gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.